Ẹ̀fọn Ilé Wa àti Ibà Pọ́njú: Agbára Wo ni Ó Ní?

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí a sọ níwájú àwọn ọmọ Ẹgbẹ́)



Ohun kékeré kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, ohun tí ojú gbogbo wa mọ̀, tí ọwọ́ gbogbo wa sì ti pa rí. Ẹ̀fọn ni. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀fọn ni mo ní lọ́kàn, bí kò ṣe ẹ̀yà kan nínú wọn, èyí tí ara rẹ̀ dúdú, tí àmì funfun sì yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká bí ìlẹ̀kẹ̀. Òun kì í dúró de òru kí ó tó jẹni. Ọ̀sán ni tirẹ̀, pàápàá òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá fún un ni Aedes aegypti. Èmi yóò máa pè é ní ẹ̀fọn ilé, nítorí pé inú àmù àti agolo tí ó wà lágbàlá wa ni ó ti ń bímọ.

Ìbéèrè tí mo gbé wá síwájú yín ni èyí: bí àrùn ibà pọ́njú bá wọ ìlú wa, ǹjẹ́ ẹ̀fọn tí ó wà nínú ilé wa ní agbára láti gbé e láti ara ẹnì kan lọ sí ara ẹlòmíràn? Ẹnikẹ́ni lè rò pé ìbéèrè yìí kò ṣòro, pé ẹ̀fọn ni ẹ̀fọn ń jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fọn ìlú kan yàtọ̀ sí ti ìlú mìíràn nínú agbára yìí, àwọn ènìyàn sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé aláìlera ni ẹ̀fọn tiwa nínú iṣẹ́ náà bí a bá fi í wé ẹ̀fọn ilẹ̀ òkèèrè. Síbẹ̀síbẹ̀, ní ọdún 1987, aláìlera yìí kan náà ni ó mú ọ̀fọ̀ bá Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe jẹ́ òtítọ́ ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè fi ọkàn balẹ̀ níbi tí kò yẹ kí ó ti sùn.

Kí ni ibà pọ́njú?

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a da ibà pọ́njú pọ̀ mọ́ ibà tí ń ṣe wá lójoojúmọ́. Ẹ̀fọn ọ̀tọ̀ ni ó ń gbé ibà lásán kiri, èyí tí ń jẹni lóru. Kòkòrò tí ó sì ń fà á yàtọ̀. Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fa ibà pọ́njú, ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń gba inú asẹ́ tí kì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò àìrí mìíràn kọjá. Ara aláìsàn a gbóná, orí a fọ́ ọ, ẹ̀yìn a dùn ún, èébì a sì máa gbé e. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọ̀pọ̀lọpọ̀ a dìde. Ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ wà tí ara wọn a fúyẹ́ fún ọjọ́ kan, tí àrùn náà a sì padà dé pẹ̀lú ìbínú: ẹ̀dọ̀ a bàjẹ́, ẹyinjú a pọ́n bí èso ìyeyè, ẹ̀jẹ̀ a máa jáde láti ẹnu àti imú, èébì a sì dúdú. Nínú àwọn tí ó bá dé ìpele kejì yìí, nǹkan bí ìdajì ni ó ń kú láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Kò sí oògùn tí ń pa fáírọ́ọ̀sì náà nínú ara títí di òní. Ìtọ́jú ni a lè ṣe, kí a sì máa retí.

Bí a ṣe mọ̀ pé ẹ̀fọn ni

Ní ìlú Havana ní ilẹ̀ Kúbà, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa ti ṣẹrú rí, dókítà kan wà tí ń jẹ́ Carlos Finlay. Ní ọdún 1881 ni ó sọ ní gbangba pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà pọ́njú kiri. Àwọn ènìyàn fi í ṣe ẹlẹ́yà fún ogún ọdún. Ó jẹ́ kí ẹ̀fọn mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ó sì jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ṣùgbọ́n kò dúró pẹ́ tó láàárín méjèèjì, nítorí náà ẹ̀rí rẹ̀ kò dájú.

Ní ọdún 1898, dókítà mìíràn, Henry Carter, ṣàkíyèsí ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà pé bí ẹni àkọ́kọ́ bá ṣàìsàn nínú ilé kan, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni yóò kọjá kí àwọn tí ó wá bẹ ilé náà wò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Níbo ni àrùn náà wà ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí? Ní ọdún 1900, ìgbìmọ̀ Walter Reed dáhùn ìbéèrè náà ní Kúbà: inú ẹ̀fọn ni ó wà. Bí ẹ̀fọn bá mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lónìí, kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́la. Ó di nǹkan bí ọjọ́ 12 kí ó tó lè ṣe é. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ náà, Jesse Lazear, fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i. Ibà pọ́njú ni ó pa á ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 1925, ilé-iṣẹ́ Rockefeller Foundation ti Amẹ́ríkà dá ìgbìmọ̀ ibà pọ́njú sílẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì kọ́ ilé àyẹ̀wò wọn sí Yábàá ní Èkó. Ní ọdún 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi, ọmọ ọdún 28, ní ìlú Kpeve ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà nísinsìnyí. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ náà sí ara ọ̀bọ tí a kó wá láti Íńdíà, ọ̀bọ náà sì kú. Asibi fúnra rẹ̀ yè. Ọjọ́ náà ni a kọ́kọ́ rí ẹranko tí a lè fi àrùn yìí dán wò, nítorí pé àwọn ọ̀bọ ilẹ̀ wa a máa gba fáírọ́ọ̀sì náà sára láìkú.

Owó ńlá kọ́ nìkan ni wọ́n san fún ìmọ̀ yìí. Adrian Stokes kú ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1927. Hideyo Noguchi, ọmọ ilẹ̀ Japan, àti William Young kú ní Accra ní oṣù karùn-ún ọdún 1928. Àrùn tí wọ́n ń wádìí ni ó pa gbogbo wọn. Láti inú fáírọ́ọ̀sì Asibi yìí náà ni Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ní New York ní ọdún 1937, tí a fi fún Theiler ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1951. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kan ni orísun abẹ́rẹ́ tí gbogbo ayé ń gbà títí di òní.

Ibodè mẹ́ta tí ó wà nínú ẹ̀fọn

Ẹ jẹ́ kí a wá wo inú ẹ̀fọn fúnra rẹ̀, kí a lè mọ ìdí tí ọ̀kan fi lágbára tí èkejì kò fi lágbára. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn ìlú wa mọ̀ pé odi a máa yí ìlú ká, oníbodè a sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà, tí ń wo ẹni tí ń wọlé àti ẹni tí ń jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni inú ẹ̀fọn rí.

Bí ẹ̀fọn bá mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, inú ìfun rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ náà ń lọ. Ibodè kìíní ni ògiri ìfun. Bí fáírọ́ọ̀sì kò bá lè wọ inú ògiri yìí, yóò dà pẹ̀lú oúnjẹ, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Bí ó bá wọ̀ ọ́ tí ó sì bí sí i, ó ku ibodè kejì: ó gbọ́dọ̀ jáde kúrò lára ìfun kí ó lè rìn káàkiri inú ara ẹ̀fọn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn wà tí fáírọ́ọ̀sì wọ ìfun wọn tí kò sì rí ọ̀nà jáde mọ́. Ibodè kẹta ni ibi tí ẹ̀fọn ti ń pèsè itọ́. Ìgbà tí fáírọ́ọ̀sì bá wọ ibẹ̀ tí ó sì dà mọ́ itọ́ ni ẹ̀fọn náà tó di agbáàrùn. Itọ́ ni ẹ̀fọn ń tu sí wa lára kí ó tó fa ẹ̀jẹ̀, inú itọ́ náà sì ni ikú lè wà.

Ohun méjì mìíràn tún wà tí ó ń dá kún un. Èkíní ni ọjọ́ orí ẹ̀fọn. Bí ó bá gba ọjọ́ 12 kí fáírọ́ọ̀sì tó la ibodè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá, ẹ̀fọn tí ó kú ní ọjọ́ kẹwàá kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Bí ooru bá mú, fáírọ́ọ̀sì a tètè kọjá. Bí òtútù bá mú, a pẹ́. Èkejì ni bí fáírọ́ọ̀sì ti pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀fọn mu. Èyí tí kò bá pọ̀ kì í lè borí oníbodè tí ó bá le.

Báwo ni a ṣe ń dán agbára yìí wò? A ó kó ẹyin ẹ̀fọn láti ìlú tí a fẹ́ yẹ̀ wò, a ó sì pa wọ́n nínú omi ní ilé àyẹ̀wò títí wọn yóò fi di ẹ̀fọn. A ó fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ tí a ti fi fáírọ́ọ̀sì sí, a ó sì dúró fún iye ọjọ́ tí ó tọ́. Lẹ́yìn náà ni a ó wo mélòó nínú 100 tí àrùn wọ ara wọn, àti mélòó tí àrùn dé inú itọ́ wọn. Yábàá tiwa ní ìpín nínú ọ̀nà yìí pẹ̀lú. Ní ọdún 1956, J. P. T. Boorman àti J. S. Porterfield tẹ ìwé jáde nípa iṣẹ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀: wọ́n na awọ eku bo ẹ̀jẹ̀ tí ó ní fáírọ́ọ̀sì Zika, tí í ṣe ìbátan fáírọ́ọ̀sì ibà pọ́njú, wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀fọn ilé gún awọ náà mu ún. Nígbà tí ọjọ́ pé, ẹ̀fọn náà gbé àrùn fún ẹranko tí wọ́n jẹ.

Ẹ̀fọn tí ó lọ sí òkèèrè àti èyí tí ó dúró nílé

Ní ọdún 1985, Walter Tabachnick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi fáírọ́ọ̀sì ibà pọ́njú dán agbo ẹ̀fọn 28 wò, tí a kó láti oríṣiríṣi ibi ní ayé. Ohun tí wọ́n rí ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ẹ̀fọn ilé pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan dúdú, òun ni ó sì wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ihò igi inú igbó ni ilé rẹ̀ àtètèkọ́ṣe. Èkejì mọ́ díẹ̀ lára, ó fẹ́ràn ènìyàn ju ẹranko lọ, òun ni ó sì gba Amẹ́ríkà àti Éṣíà kan. Ẹ̀yà dúdú tí ó wà nílé ni kì í gba fáírọ́ọ̀sì dáradára. Ẹ̀yà tí ó lọ sí òkèèrè ni ó ń gbà á. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ti Institut Pasteur ní ilẹ̀ Faransé àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi fáírọ́ọ̀sì Zika ṣe irú àyẹ̀wò yìí, ìdáhùn kan náà ni wọ́n sì rí.

Ta ni ó gbé èyí tí ó lọ sí òkèèrè lọ? Ọkọ̀ ẹrú ni. Nínú àgbá omi tí wọ́n ń kó sínú ọkọ̀ ní etíkun Áfíríkà ni ẹ̀fọn ti bímọ, ó sì bá àwọn baba ńlá wa rìn kọjá òkun. Fáírọ́ọ̀sì náà bá wọn lọ. Ní ọdún 1647 ó ti dé erékùṣù Barbados, ní ọdún 1648 ó dé Yucatán ní ilẹ̀ Mẹ́síkò. Ó ń pa ènìyàn ní èbúté Amẹ́ríkà fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún méjì ọdún lẹ́yìn náà.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe lè tan ènìyàn. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lè wí pé: “Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fọn wa kò lágbára. Ẹ jẹ́ kí ará òkèèrè máa bẹ̀rù.” Ìdáhùn mi sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ̀kọ́ Ògbómọ̀ṣọ́

Ní ọdún 1986, ibà pọ́njú bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Ojú ní Ìpínlẹ̀ Benue, ó sì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Ẹ̀fọn igbó ni ó gbé e níbẹ̀, èyí tí ń gbé lókè igi pẹ̀lú àwọn ọ̀bọ, tí a ń pè ní Aedes africanus. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún ọdún 1987, àrùn náà bẹ́ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti àyíká rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Níbí, kì í ṣe igbó mọ́. Ìlú ńlá ni, ẹ̀fọn ilé ni ó sì gbé e. Inú ohun èlò tí àwọn ènìyàn fi ń tọ́jú omi sílé ni wọ́n ti bá tanwíjí rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ kó ẹ̀fọn láti agbègbè tí àrùn náà ti jà, wọ́n sì dán agbára wọn wò. Ní ọdún 1989, Barry Miller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: ẹ̀fọn náà jẹ́ aláìlera nínú gbígbé ibà pọ́njú. Àwọn díẹ̀ péré nínú wọn ni àrùn náà wọ̀ lára, àwọn tí ó lè gbé e fún ẹlòmíràn sì tún kéré sí i. Síbẹ̀ àwọn ni wọ́n pa ènìyàn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìtumọ̀ tí àwọn onímọ̀ náà fún un ni pé bí ẹ̀fọn bá pọ̀ yanturu, tí àwọn ènìyàn tí kò ní ààbò nínú ara sì pọ̀, agbáàrùn aláìlera tó láti dá àjàkálẹ̀ àrùn sílẹ̀ àti láti mú un dúró.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wò ó. Àpẹẹrẹ lásán ni iye tí mo fẹ́ dá yìí. Bí ẹ̀fọn 100 bá mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní ìlú kan tí ẹ̀fọn rẹ̀ lágbára, tí 50 nínú wọn sì di agbáàrùn, ìlú náà ní agbáàrùn 50. Ní ìlú kejì, ẹ̀fọn kò lágbára: 5 péré nínú 100 ni ó ń di agbáàrùn. Ṣùgbọ́n àmù kò ní ìdérí níbẹ̀, agolo kún ẹ̀yìn ilé, ẹ̀fọn 2,000 ni ó sì mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Agbáàrùn mélòó ni ìlú kejì ní? Ọgọ́rùn-ún ni. Ìlú tí ẹ̀fọn rẹ̀ kò lágbára wá ní ìlọ́po méjì. Àwọn baba wa wí pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Òwe náà ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀fọn pẹ̀lú, àwa ni a sì ń bá wọn kó ara wọn jọ.

Àwọn onímọ̀ yìí tilẹ̀ dábàá ohun mìíràn tí ó yẹ kí a ronú sí. Bí oníbodè inú ẹ̀fọn bá le, fáírọ́ọ̀sì tí ó pọ̀ gidigidi nínú ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó lè kọjá. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀fọn aláìlera lè máa ṣa èyí tí ó rorò jù nínú fáírọ́ọ̀sì, kí ó sì máa gbé e kiri.

Àwọn tí kì í ṣe ẹ̀fọn ilé

Kò tún yẹ kí a rò pé ẹ̀fọn ilé nìkan ni ó wà ní ilẹ̀ wa. Láti ọdún 1928 ni Johannes Bauer ti fi hàn ní Èkó pé àwọn ẹ̀fọn mìíràn yàtọ̀ sí i lè gbé ibà pọ́njú. Nínú igbó àti ọ̀dàn ni wọ́n wà, tí wọ́n ń gbé fáírọ́ọ̀sì náà láti ara ọ̀bọ sí ara ọ̀bọ. Nítorí náà, a kò lè tu àrùn yìí tigbòǹgbò-tigbòǹgbò bí a ti ṣe fún ṣọ̀pọ̀ná. Igbó yóò máa tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Ọdẹ, àgbẹ̀, tàbí agégẹdú kan ni yóò gbà á níbẹ̀, yóò sì gbé e wá sínú ìlú. Nígbà náà ni ẹ̀fọn ilé yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀fọn igbó.

Àlejò kan tún ti dé. Ní ọdún 1991 ni a rí Aedes albopictus, ẹ̀fọn ilẹ̀ Éṣíà, ní ibi tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Delta. Òun náà fẹ́ràn omi inú táyà àti agolo, òun náà sì lè gbé irú fáírọ́ọ̀sì wọ̀nyí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Láti ọdún 1996 a kò tún gbúròó ibà pọ́njú tí a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà mọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé ó ti lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 ni ó tún yọjú ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ó sì tàn dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpínlẹ̀. Ní ọdún 2020, ó pa ènìyàn ní Delta, ní Enugu àti ní àwọn ibòmíràn. Láti Ifẹ́lódùn dé Ògbómọ̀ṣọ́ kò jìnnà.

Ohun tí ó wà ní ọwọ́ wa

Ẹ̀yin olóyè, a kò lè yí ìfun ẹ̀fọn padà. Bí oníbodè inú rẹ̀ bá le tàbí bí ó bá rọ̀, kì í ṣe àwa ni a fi í síbẹ̀. Ṣùgbọ́n iye ẹ̀fọn wà ní ọwọ́ wa, iye ènìyàn tí ó ní ààbò sì wà ní ọwọ́ wa. Ohun méjì yìí ni ó ṣe ìdájọ́ ní ọdún 1987.

Àkọ́kọ́ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára. Láti ọdún 2004 ni ó ti wà lára àwọn abẹ́rẹ́ tí a ń fún ọmọ ọwọ́ ní Nàìjíríà, ní oṣù kẹsàn-án tí a bí i. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń gbà á. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ẹ̀ẹ̀kan náà tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ti bí ṣáájú ọdún 2004, tí kò sì gbà á rí, wà láìní ààbò, àfi bí ìpolongo abẹ́rẹ́ bá kàn án. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù baálé ilé béèrè nínú ilé rẹ̀ ta ni ó ti gbà á àti ta ni kò tíì gbà á. Ìbéèrè yìí kò ná ẹnikẹ́ni lówó.

Èkejì ni omi. Ẹ̀fọn ilé a máa lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́ ara àmù, díẹ̀ lókè ibi tí omi dé. Ẹyin náà lè gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ó má kú. Ọjọ́ tí omi bá kàn án ni yóò pa. Nítorí náà, kò tó kí a da omi nù nìkan. A ní láti fi kànrìnkàn tàbí ìgbálẹ̀ ha ara ìkòkò náà kí ẹyin lè bọ́. Láti ìgbà tí ẹyin bá pa títí yóò fi di ẹ̀fọn tí ń fò, nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10 ni. Bí a bá ń ha àmù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tí a sì ń dé e, kò sí tanwíjí tí yóò dàgbà nínú rẹ̀. Agolo òfìfo, táyà àtijọ́ àti ìkòkò fífọ́ kò ní iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn ilé ju kí wọ́n máa bí ẹ̀fọn lọ. Ẹ jẹ́ kí a kó wọn dànù. Ẹ̀fọn yìí kì í sì í fò jìnnà. Èyí tí ó jẹ ọmọ yín lónìí, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé inú àgbàlá yín tàbí ti aládùúgbò yín ni a ti bí i.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò wí, òtítọ́ sì ni. Yóò wí pé àwọn ìyá wa kì í tọ́jú omi nítorí pé ó wù wọ́n, bí kò ṣe nítorí pé omi ẹ̀rọ kò yọ. Kò sí ẹni tí yóò da omi tí ó rù láti ọ̀nà jíjìn nù ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ nítorí ìwàásù mi. Èmi náà kò ní kí ó dà á nù. Kí ó dé e ni mo ní, kí ó sì ha àmù nígbà tí omi rẹ̀ bá tán kí ó tó tún pọn òmíràn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó pẹ̀lú àwọn aláṣẹ, ẹ rántí pé nígbàkúùgbà tí ẹ bá ń bèèrè omi ẹ̀rọ fún ìlú, ìlera ni ẹ ń bèèrè. Ìlú tí omi ń yọ nínú rẹ̀ lójoojúmọ́ kò ní ìdí láti kó àmù mẹ́fà kalẹ̀.

Àwọn àgbà tí ó wà níhìn-ín rántí wolé-wolé, bí àwọn ènìyàn ti ń sáré da omi nù nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé ó ń bọ̀. Ìbẹ̀rù ni ó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ìmọ̀ sàn ju ìbẹ̀rù lọ, nítorí pé ìmọ̀ kì í lọ nígbà tí wolé-wolé bá yí ẹ̀yìn padà. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ láti dá tanwíjí mọ̀. Ìmọ̀ràn mi fún ẹ̀yin olóyè ni pé kí olúkúlùkù àdúgbò yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún àmù híha, kí akéde sì máa kéde rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú. Bí olóyè bá ti fúnra rẹ̀ ṣí ìkòkò tirẹ̀ wò ní gbangba ní ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí yóò sọ pé iṣẹ́ àwọn obìnrin ni.

Ẹ̀fọn wa kò lágbára. Ẹ̀rí tí a rí láti ọdún 1985 títí di ọdún 2020 ni ó fi èyí hàn. Kò lè ṣe ọ̀fọ̀ kankan bí ó bá ṣẹ́kù ní díẹ̀díẹ̀. Bí a bá fi àmù wa sọ ọ́ di ọ̀pọ̀ ni ó tó ń ṣe é. Àrùn náà wà nínú igbó, kò sì ní kúrò níbẹ̀. Bóyá yóò rí ọ̀nà gbà nígbà tí ó bá tún dé ẹnu ọ̀nà ìlú, ìyẹn kù sí ọwọ́ olúkúlùkù baálé àti ìyáálé tí ó ní ìkòkò omi nílé.

 Kí àjàkálẹ̀ má ṣe wọ ìlú wa o.